Ta Ni Ẹ Wá Kí?

Ìbéèrè kan wà tí ìyá àgbà kan bi mí ní ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè, tí mo sì ti ń gbé kiri nínú ọkàn mi láti ọjọ́ náà. Àwa méje ni a jọ gbéra láti Èkó. Olùkọ́ ni èmi àti àwọn mẹ́ta nínú wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn yòókù. Sùúrùlérè àti Yábàá ni gbogbo wa ń gbé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi dá owó jọ kí a lè lọ wo ìlú orí òkè tí a ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń san owó ìwọlé, ìyá náà jókòó ti ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. A kọjá níwájú rẹ̀ bí agbo ẹ̀ga tí ń pariwo. Ẹnì kan ń ya àwòrán, ẹlòmíràn ń béèrè iye àtẹ̀gùn tí a fẹ́ gùn, ẹ̀kẹta ń wá omi tútù tí yóò mu. Ìyá wò wá títí, ó ní: "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ kú ìrìn o. Ta ni ẹ wá kí?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ìyá, a kò wá kí ẹnì kankan, òkè ni a wá wò."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó dára. Ẹ bá wa kí i." Ó sì tún kọjú sí ọsàn tí ó ń bó.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò mú gègé láti ròyìn ẹwà òkè Ìdànrè. Àwọn tí ẹnu wọn dùn ju tèmi lọ ti ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni èyí tí ó wà nínú ìbéèrè ìyá ọlọ́sàn náà. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn dìde ní ilé rẹ̀, kí ó wọ ìlú onílùú, kí ó wo bí wọ́n ti ń jẹ, bí wọ́n ti ń sùn, àti bí wọ́n ti ń bọ ohun tí wọ́n ń bọ, láìní ẹnì kan ṣoṣo tí ó fẹ́ kí níbẹ̀? Bí ó bá tọ́, gbèsè wo ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ jẹ onílé? Bí kò bá sì tọ́, kí ni kí a ti ṣe é, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú kì í kúkú ṣe ohun tí a lè tì pa bí ilẹ̀kùn?

Ìrìn àjò kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn bàbá wa, ẹni tí ó bá ń rìn ní ohun tí ó ń wá. Alájàpá ń ná ọjà, ọdẹ ń tọ ẹran, babaláwo ń wá ọgbọ́n kún ọgbọ́n, àna ń lọ kí àna. Bí ilẹ̀ bá ṣú wọn ní ìlú tí wọn kò mọ ẹnì kan, ilé baálẹ̀ ni wọn yóò béèrè. A ó bi wọ́n ní orúkọ àti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, a ó sì wá ilé tí wọn yóò wọ̀ sí. Láti ìgbà náà lọ, àlejò ti ní onílé. Bí ó bá ṣẹ èèwọ̀ ìlú, ọwọ́ onílé rẹ̀ ni a ó ti béèrè. Bí ẹnì kan bá rẹ́ ẹ jẹ, onílé rẹ̀ ni yóò gbèjà rẹ̀. Wọ́n a máa wí pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ni ó ń yá a ní ojú.

Èdè wa pàápàá mọ ohun tí ìyá náà ń sọ. A ń bẹ ọ̀rẹ́ wò. A ń wo aláìsàn. A ń wo ọmọ dàgbà. Wíwò ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ojú nìkan nínú wọn. Ẹni tí ó ń wo aláìsàn ń se àgbo, ó ń fọ ọgbẹ́, ó sì ń jí lóru. Ẹni tí ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò kì í fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo; bí ọwọ́ tilẹ̀ ṣófo, ẹnu kò gbọdọ̀ ṣófo. Ìgbà tí a bá fi ìran kún un, tí ó di ìwòran, ni gbèsè inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Òǹwòran kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó yà kí eégún kọjá, ó patẹ́wọ́, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

N kò wí pé ìran burú o. Ìran Yorùbá ni eégún aláré. Ẹni tí ó wà lábẹ́ agọ̀ náà mọ̀ pé a ń wo òun. Òun ni ó pe ìlù jọ, òun ni ó yan ọjọ́, bí ó bá sì wù ú, ó lè bú òǹwòran tí kò fún un lówó ní gbangba ọjà. Ṣùgbọ́n kí n má baà di ẹni tí ń fọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí n rántí ohun mìíràn. Àwọn eégún aláré wa yìí kan náà ni wọ́n máa ń di Tápà, tí wọ́n ń di jagunjagun Dàhọ̀mì, tí wọ́n ń di Òyìnbó onímú ṣọnṣọ tí ń bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. A rí wọn, a sì rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá. Tápà kò sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ sọ ọmọ ènìyàn di ìran ní ilẹ̀ ayé. Àìsàn tí ó wà lára gbogbo wa ni, ó kàn pọ̀ lára àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí òkè. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600. Àwọn tí ó ṣe é ní ojú àánú, wọ́n fi ibi ìsinmi sí i lọ́nà, èmi tí mo sì ti ń súnmọ́ ọdún ìfẹ̀yìntì kò fo ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí a gun òkè tán, a bá ìlú kan ní àárín àpáta: ògiri amọ̀, ààfin Ọwá àtijọ́ pẹ̀lú àwọn àgbàlá rẹ̀, ilé ẹjọ́, ilé ìwé, gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ìlú tí ó ń ṣamọ̀nà wa fi ojú ẹsẹ̀ Agboògùn hàn wá lára àpáta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, bó kéré bó tóbi, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. A tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ki ẹsẹ̀ wa bọ̀ ọ́. Mo ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbàgbọ́ jù lọ nínú wa ni ó kọ́kọ́ wo ojú àwọn yòókù kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún wa bí àwọn bàbá rẹ̀ ti fi orí òkè sílẹ̀, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tẹ Òdòde dó ní ìsàlẹ̀. Ọdún 1923 ni a sábà máa ń dárúkọ nínú ìtàn náà. Aládé àti Atòsin pẹ̀lú wà nítòsí, gbogbo wọn ni wọ́n sì para pọ̀ jẹ́ Ìdànrè tí a mọ̀ lónìí. Nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ọ̀rẹ́ mi kan láti Yábàá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó mà ṣe o! Ìbá ṣe pé wọ́n dúró síbí ni, ibí yìí ì bá ti dùn tó!" Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mi tirẹ̀.

Ìgbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, tí orúnkún mi ń gbọ̀n bí ewé ààyán, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Kí ni a fẹ́ kí wọ́n dúró ṣe? Ogun ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran Yorùbá sún mọ́ àpáta. Àwọn Ẹ̀gbá sá di abẹ́ Olúmọ ní 1830. Àpáta jẹ́ odi tí ẹnikẹ́ni kò mọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè wó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Kírìjí parí, tí àwọn ọmọ ogun tú ká ní 1893, ojú ọ̀nà là, kòkó dé, ilé ìwé dé, odi di ìnira. Aboyún tí ó ń rọbí, ta ni yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ lóru? Àpò kòkó, ta ni yóò rù ú lọ sí òkè kí ó tún rù ú bọ̀? Ilẹ̀ Ìdànrè wà lára ibi tí kòkó gbé ń ṣe dáadáa jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, kòkó kì í sì í hù lórí òkúta. Àwọn ará Ìdànrè fi ọgbọ́n sọ̀kalẹ̀. Àwa tí a ti Sùúrùlérè wá, tí a ní omi nínú ilé, tí a ní iná mànàmáná bí ó tilẹ̀ ń ṣe ségesège, àwa ni a ń ṣọ̀fọ̀ pé wọn kò dúró sínú ìnira kí ojú wa lè rí ohun tí yóò wò.

N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wa méjèèje ṣọ̀fọ̀ ilé bàbá tirẹ̀ àgbà. Tèmi ti wó láti ọjọ́ pípẹ́. Abà oníkoóko ni. Òjò ń wọ̀ ọ́, eku ń sáré kiri nínú rẹ̀, ọjọ́ tí bàbá mi sì fi páànù bo ilé tuntun, a pa ewúrẹ́.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ìpẹ̀kun àríwá ìlà oòrùn India, lórí àwọn òkè tí ó pààlà pẹ̀lú Burma, àwọn ará Naga wà níbẹ̀, ẹ̀yà púpọ̀ ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Láti ọdún 2000 ni ìjọba Nagaland ti dá àjọ̀dún ńlá kan sílẹ̀ ní Kisama lẹ́bàá Kohima, tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ kan sọ: Hornbill. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe é. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá láti wo ìyẹ́ lórí, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, àti ijó jagunjagun. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ó sì gbilẹ̀ jù láàrin wọn. Àlejò tí ó wá ọ̀kọ̀ lọ sí abúlé kan lórí òkè lè bá ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ibi ìdánrawò. Bí ó bá bínú pé wọ́n tan òun jẹ, ta ni ó tan ta?

Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò sọ̀kalẹ̀ ní tiwọn. Ní Adamawa, àwọn ará Sukur ṣì wà lórí òkè Mandara pẹ̀lú ààfin Hidi wọn àti oko tí wọ́n fi òkúta tò ní ìpele ìpele. Ní 1999, Sukur ni ó kọ́kọ́ wọ inú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti ilẹ̀ Nàìjíríà, kí igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo tó tẹ̀ lé e ní 2005. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Boko Haram gun òkè náà, wọ́n jó ilé, wọ́n kó ohun ìní lọ. Ìyìn gbogbo ayé kò di odi fún wọn.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ òkè. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Ìdànrè rárá, ẹnì kan ti bi mí ní irú ìbéèrè ìyá ọlọ́sàn yìí ní ìtòsí ilé mi, n kò sì fetí sí i. Ní Makókò ni.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá, láti ìgbà tí a ti ṣí i ní 1990, yóò mọ ibi tí mo ń wí: èéfín ẹja tí ń rú lórí ọ̀sà, ilé pákó lórí òpó, ọkọ̀ ojú omi bí òkìtì èèrà. Àwọn Ègùn ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀, apẹja láti Àgbádárìgì àti láti ilẹ̀ Benin. Ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland kan náà ni èmi àti wọn. Ogún ọdún ni mo fi gbé ní Yábàá tí n kò fi ẹsẹ̀ kàn án, àfi ìgbà tí ọmọ ìbátan mi kan tí a bí sí London wá sílé, tí ó ní òun fẹ́ wo Makókò kí òun tó padà. A háyà ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan ni ó ń tù wá, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Àlejò mi ń ya àwòrán lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin kan tí ó ń yan ẹja fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ojú. Ọmọkùnrin náà dá ọwọ́ ìtukọ̀ dúró, ó bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ilé yín?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ǹjẹ́ èmi náà lè wá síbẹ̀ wá ya àwòrán màmá nígbà tí wọ́n bá ń dáná?"

Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo fún un ní owó lé owó ọkọ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun tí ó mú kí ó padà wá bá mi ni ìtàn kan tí mo kà lẹ́yìn náà. Ní 1893, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, láti fi ṣe ìrántí irinwó ọdún tí Columbus dé ilẹ̀ wọn. Lára ohun tí wọ́n pa tẹ ni abúlé Dàhọ̀mì: ọkùnrin àti obìnrin láti ilẹ̀ tí ó bá wa pààlà, tí a kó sínú ahéré kí àwọn ènìyàn lè sanwó wọlé wá wò wọ́n bí wọ́n ti ń jó àti bí wọ́n ti ń dáná. Lásìkò náà gan-an ni àwọn ọmọ ogun Faransé ń gba ilẹ̀ Dàhọ̀mì. Frederick Douglass, tí ó ti jẹ́ ẹrú rí kí ó tó di àgbà òǹsọ̀rọ̀, wà ní ìpàtẹ náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú Haiti, ó sì fi ẹ̀hónú hàn pé wọ́n fi àwọn ènìyàn náà síbẹ̀ láti fi tàbùkù gbogbo aláwọ̀ dúdú ni. Èdè àwọn ará Dàhọ̀mì àti èdè Ègùn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin tíkẹ́ẹ̀tì Chicago àti owó ọkọ̀ tí mo san ní Makókò? Ìyàtọ̀ wà, n kò sẹ́ ẹ. Àwọn ará Makókò wà nínú ilé ara wọn, kò sí ẹni tí ó kó wọn wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n fi òtítọ́ inú sọ ọ́, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ nínú ojú tí mo fi wò wọ́n.

Ojú òǹwòran a sì máa ṣe ohun tí ó ju wíwò lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó ọ̀pọ̀ ilé ní Makókò. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò bá ipò ìlú ńlá tí Èkó fẹ́ jẹ́ mu. Èyí ni pé wọ́n ba ìran jẹ́. Ní 2013, ayàwòrán ilé kan, Kúnlé Adéyẹmí, kọ́ ilé ìwé kan síbẹ̀ tí ó léfòó lórí omi. Ilé náà lẹ́wà, àwòrán rẹ̀ sì kárí ayé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, irú rẹ̀ kejì tí ó kọ́ sí Venice gba ẹ̀yẹ Kìnnìún Fàdákà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà tí ó tẹ̀ lé e, òjò ńlá rọ̀, èyí tí ó wà ní Makókò sì wó. A dúpẹ́ pé kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. N kò dá ẹni tí ó kọ́ ọ lẹ́bi, nítorí ó wá ohun rere ṣe ju èmi tí mo wá ya àwòrán lọ. Mo kàn ń wò ó ni, bí ayé ti ń patẹ́wọ́ fún ilé ní ìlú kan, tí ọmọ tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ ń wá ibi tí yóò jókòó sí ní ìlú kejì.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn jù. Wọn yóò ní owó tí àlejò ń san ni àwọn ọmọ ìlú ń jẹ, àti pé bí a kò bá lọ wo Ìdànrè, ta ni yóò tún ògiri ààfin ṣe? Òtítọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣamọ̀nà wa ń fi iṣẹ́ náà san owó ilé ìwé rẹ̀, ó sì sọ fún wa láìtijú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọdún ìbílẹ̀ bí ọdún Orósùn ṣe ń fa ará ìta àti ọmọ ìlú wá, tí ìlú fi ń kún. Ṣùgbọ́n owó ìwọlé náà ni ó gba ìkíni lọ́wọ́ wa. Nítorí pé a ti sanwó ní ẹnu ọ̀nà, ó dà bí ẹni pé a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní "ẹ kú iṣẹ́" mọ́. Bí kò bá sí owó ìwọlé ni, à bá béèrè ilé baálẹ̀.

Bàbá mi kò lọ wo òkè kankan rí ní ayé rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1977, nígbà tí wọ́n ṣe FESTAC, tí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní àádọ́ta péjọ sí pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè àti ilé ìṣeré tuntun ní Ìgànmú (èyí tí ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ní 2024), ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo jẹ́. Bàbá mi mú mi lọ wòran. Nígbà tí à ń bọ̀, a rí oníjó kan lójú ọ̀nà, ará Òkè Ọya, ó wọ aṣọ ijó rẹ̀ síbẹ̀, ó ń wá omi. Bàbá mi mú un wá sílé. Kò gbọ́ Yorùbá, bàbá mi kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìyá mi gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá kalẹ̀. Ọkùnrin náà wo ọbẹ̀ tí ó ń fà bí okùn, ó wo bàbá mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Nígbà tí ó yá, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rántí jù nínú gbogbo FESTAC nìyẹn: ẹni tí a lọ wò tí ó jókòó sínú ilé wa, tí òun náà ń wò wá.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, àwọn ẹgbẹ́ mi lọ jẹun. Èmi padà sọ́dọ̀ ìyá ọlọ́sàn. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí ó ń dùn mí, mo kí i bí ó ti yẹ kí n ti kí i láàárọ̀. Ó fún mi ní àpótí. Ó bi mí ní àdúgbò tí mo ń gbé ní Èkó. Mo ní Sùúrùlérè ni mo wà nísinsìnyí. Ó ní, "Ṣé ó jìnnà sí Muṣin?" Mo ní kò jìnnà rárá. Ojú rẹ̀ yí padà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Muṣin, ní ìhà Ìsọlọ̀, ó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe. Ó tó ọdún méjì tí ó ti wá sílé gbẹ̀yìn. Ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìyá náà ní ohùn kì í ṣe ojú. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí Muṣin ti rí. Ṣé lóòótọ́ ni pé ilé wọn lẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ń sín tí ẹnì kejì ń kí i nínú ilé kejì? Ṣé wọ́n ń rí oorun sùn? Ǹjẹ́ mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ra iṣu níbẹ̀? Mo ń dáhùn bí mo ti lè ṣe. Ó hàn sí mi pé Muṣin ni òkè tirẹ̀, ibi tí ó ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ tí kò dé rí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ní ẹni tí ó fẹ́ kí níbẹ̀.

Ó rán ọmọ kékeré kan lọ sí ilé, wọ́n gbé iṣu mẹ́rin wá, pẹ̀lú èlùbọ́ tí a dì sínú ọ̀rá. Ó ní kí n bá òun fún un. Àwọn ẹgbẹ́ mi kùn nítorí pé ọkọ̀ ti kún, ṣùgbọ́n a gbé iṣu náà sáàrin ẹsẹ̀ wa, a sì gbé e dé Èkó.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e ni mo rí ọkùnrin náà ní Muṣin. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lẹ́bàá àwọn táyà rẹ̀, ó gba iṣu, ó sì rán ẹnì kan lọ ra mínírà fún mi. Ó bi mí bí ara ìyá rẹ̀ ti le sí. Mo ní ara rẹ̀ le. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé wọ́n ti tún òrùlé wọn ṣe? Ìjì ṣí i ní ọdún tó kọjá. Mo fi owó ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn ti ṣe é, ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi, wọ́n lè fi owó náà pa mọ́."

N kò mọ̀. N kò dé ilé náà. Mo yọ fóònù mi jáde. Àwòrán tí ó lé ní ọgọ́ta ni mo yà ní Ìdànrè, a sì jọ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òun àti èmi: ààfin, àpáta, ojú ẹsẹ̀ Agboògùn, àtẹ̀gùn, àpáta. Ní ìparí, a rí ọ̀kan tí àwa méjèèje dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí páànù ilé kan sì yọ díẹ̀ lẹ́yìn orí wa. Ó gba fóònù náà, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, ó sún un mọ́ ojú. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá fóònù padà fún mi, ó ní ilé ẹlòmíràn ni.